A Kì í Fi Ọwọ́ Òsì Júwe Ilé Baba Ẹni

Àṣà kan wà láàárín àwọn ọ̀dọ́ Èkó tí kò yẹ kí a fi ojú kékeré wò. Bí a bá bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń gbé, ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Bàrígà yóò dáhùn pé Gbàgádà ni. Ẹni tí ó jí ní àárín gbùngbùn Ṣómólú ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà yóò ní Palmgrove ni òun ti ń bọ̀, tàbí kí ó ní apá Àkókà ni. Lójú ẹni tí ó pa á, irọ́ kékeré tí kò pa ẹnikẹ́ni lára ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti kìlọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ẹni tí ó sì ń fi orúkọ àdúgbò ẹlòmíràn bo ti ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ òsì gan-an ni ó nà. Nítorí náà, ó tọ́ kí a wádìí bóyá ohun ìtìjú kan wà ní Ṣómólú àti Bàrígà lóòótọ́, tàbí àìmọ ìtàn ni ó ń mú ojú ti àwọn ọmọ ibẹ̀.

Ìlú méjèèjì fara kan ara wọn. Títì Ìkòròdú wà ní ìwọ̀-oòrùn wọn, ọ̀sà Èkó sì wà ní ìlà-oòrùn. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tí ń jẹ́ ti Ṣómólú, ni wọ́n jọ wà kí Ìpínlẹ̀ Èkó tó fún Bàrígà ní ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè tirẹ̀ ní ọdún 2003. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Nàìjíríà ní ọdún 2006, ènìyàn 402,673 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú. Iye yìí lé ní ogún ọ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá lè fi wákàtí méjì rìn la gbogbo ilẹ̀ náà já. Ibi tí ènìyàn bá pọ̀ tó báyìí sí, wàhálà kò lè ṣàìsí níbẹ̀. Òpópónà ibẹ̀ há. Yàrá kọjú sí yàrá nínú ọ̀pọ̀ ilé. Bí òjò bá sì rọ̀ sí gọ́tà tí ìdọ̀tí ti dí, omi a máa wọ ilé onílé. Àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn ti bá ara wọn jà níbẹ̀, ẹ̀mí sì ti sọnù. Ẹni tí ó bá sẹ́ gbogbo èyí kò fẹ́ràn ìlú náà, ẹ̀tàn ni ó ń tàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní èyí nìkan ni ó wà níbẹ̀ ti fi ìdajì ọ̀rọ̀ pamọ́, ìdajì tí ó fi pamọ́ sì ni ó tóbi jù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìlú tí kò ní ààfin àtijọ́ bí Ifẹ̀ tàbí Ọ̀yọ́ kò ní ìtàn. Wọ́n gbàgbé pé ilẹ̀ ti wà kí adé tó dé, àti pé ẹni tí ó kọ́kọ́ ro oko níbì kan ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ibẹ̀. Ilẹ̀ Àwórì ni agbègbè yìí, oko àti igbó ni púpọ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí Èkó ti di ìlú ńlá lórí erékùṣù. Orúkọ àwọn àdúgbò kò jẹ́ kí èyí parẹ́. Abúlé-Òkúta ni a ń pe apá kan ní Bàrígà. Abúlé-Ọjà àti Abúlé-Ìjẹ̀ṣà kò sì jìnnà síbẹ̀. Ibi tí a ti ń pè ní abúlé yìí ti kún fún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì báyìí, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́rìí pé àgbẹ̀ ni ó kọ́kọ́ jí síbẹ̀.

Ní etí ọ̀sà, orúkọ mìíràn ni ènìyàn yóò bá. Ìlàjẹ ni wọ́n ń pe àdúgbò kan, nítorí àwọn apẹja Ìlàjẹ tí wọ́n ti etíkun apá Oǹdó wa ọkọ̀ wá. Àgó Ègùn ni wọ́n ń pe òmíràn, nítorí àwọn Ègùn tí orírun wọn wà ní apá Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà, àgó, fi hàn pé àwọn tí wọ́n dó síbẹ̀ kò kọ́kọ́ pè é ní ìlú. Wọ́n na àwọ̀n, wọ́n yan ẹja, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ náà sì bímọ. Afárá gígùn Third Mainland, tí wọ́n parí ní ọdún 1990, tí gígùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, gba iwájú wọn kọjá. Láti ìgbà náà ni àìmọye ènìyàn ti ń wo òrùlé àti èéfín wọn láti inú ọkọ̀ tí ń sáré. Ẹni tí ó bá wo ìlú láti orí afárá, òrùlé nìkan ni yóò rí, kò ní rí ọwọ́ tí ó hun àwọ̀n.

Bí abúlé wọ̀nyí ṣe wá di ìlú kún fún ẹ̀kọ́, nítorí inú rẹ̀ ni ìdí òpópónà híhá wà. Láti ọdún 1954 ni ààlà ìjọba ti gba àárín ibẹ̀ kọjá. Erékùṣù Èkó, Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta, Yábàá àti Àpápá wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n Mùṣín, Ṣómólú àti Bàrígà wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Èkó ní ìgbìmọ̀ kan tí ń tún ìlú ṣe, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1928 lẹ́yìn tí àrùn tí eku ń kó ran ènìyàn ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ní ìlú náà. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó la ojú ọ̀nà títọ́ ní Yábàá, òun ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní àárín àwọn ọdún 1950. Wọ́n kó àwọn kan lọ sí Sùúrùlérè. Àwọn tí agbára wọn kò ká ibẹ̀, àti àwọn àlejò tí wọ́n ń ti Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Èkìtì, ilẹ̀ Ìgbò àti ibòmíràn wá iṣẹ́ wá, wá ilé sí ibi tí owó ilẹ̀ àti owó yàrá ti rọjú, lẹ́yìn ààlà. Ènìyàn ń dé lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tí ó ṣáájú wọn dé pẹ̀lú okùn ìwọ̀n. Bí olúkúlùkù ṣe rí ilẹ̀ ni ó ṣe kọ́ ilé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi òpópónà Ṣómólú ṣe ẹlẹ́yà, kí ó mọ̀ pé àìbìkítà ìjọba ni ó ń fi rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn ará ibẹ̀ fi owó ara wọn kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn gbèrò.

Ààlà kan náà tí ó mú wọn pàdánù ọ̀nà títọ́ fún wọn ní èrè kan tí kò yẹ kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gbàgbé. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1957 ni irú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Èyí ni pé fún ọdún méjì gbáko, ọmọ tálákà tí ń gbé lẹ́yìn ìlú ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí òbí ọmọ Èkó ṣì ń wá owó ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn tí a ń pè ní ará oko ni ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ tàn sí.

Bóyá ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ kò fi ṣàjèjì sí ilẹ̀ náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1859 ni Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, fi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ CMS Grammar School ní Èkó, èyí tí í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ gíga àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Herbert Macaulay, ọmọ rẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n kàwé níbẹ̀. Nígbà tí erékùṣù há mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà, Bàrígà ni ó kó wá ní òpin àwọn ọdún 1950, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní. Ní ọdún 1956 ni Fadá Denis Slattery, ọmọ ilẹ̀ Ireland, dá St. Finbarr's College sílẹ̀, èyí tí ó wá fìdí kalẹ̀ sí Àkókà. Ibẹ̀ ni Stephen Keshi ti kàwé, ẹni tí ó jẹ́ balógun ikọ̀ Nàìjíríà tí ó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní ọdún 1994, tí ó sì tún jẹ́ olùkọ́ ikọ̀ tí ó gbà á ní ọdún 2013. Ní ọdún 1962 ni wọ́n dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀, Àkókà náà ni ó sì fi ṣe ibùjókòó, ní ẹ̀gbẹ́ Bàrígà. Bí a bá yà sí apá Ìgbóbì, ilé-ìwòsàn egungun wà níbẹ̀, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1945 fún ìtọ́jú àwọn ọmọ-ogun tí wọ́n gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé kejì. Títí di òní, bí eegun bá ṣẹ́ ní Èkó, ohun tí àwọn ènìyàn ń wí ni pé kí wọ́n gbé onítọ̀hún lọ sí Ìgbóbì.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó gbé orúkọ Ṣómólú jáde ju gbogbo iṣẹ́ lọ ni iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ọdún 1859 tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó náà ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Iṣẹ́ tí ó ti ọwọ́ míṣọ́nnárì bẹ̀rẹ̀ ti wá di iṣẹ́ ọwọ́ ará àdúgbò. Ẹni tí ó bá gba òpópónà Ṣípéolú àti àwọn òpópónà kéékèèké tí ó yí i ká kọjá, ariwo ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ kí i, òórùn yíǹkì ni yóò sì sìn ín jáde.

Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Àwòrán aláràbarà tí a ń rí lórí kàléńdà, yíǹkì mẹ́rin péré ni wọ́n fi ṣe é: èyí tí ó jọ aró, pupa, èyí tí ó pọ́n bí ìyeyè, àti dúdú. Pléètì kọ̀ọ̀kan ni fún yíǹkì kọ̀ọ̀kan. Omi àti yíǹkì ni wọ́n jọ ń kan pléètì náà; nítorí pé ọlọ́ràá ni yíǹkì, tí òróró àti omi kì í sì í pò pọ̀, yíǹkì yóò lẹ̀ mọ́ ibi tí lẹ́tà tàbí àwòrán wà, omi kò sì ní jẹ́ kí ó dé ibi tí ó yẹ kí ó mọ́. Rọ́bà kan yóò gba àwòrán náà lára pléètì, yóò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Lára ẹ̀rọ tí kò gbà ju yíǹkì kan lọ, ìgbà mẹ́rin ni bébà kan náà yóò kọjá, bí ó bá sì fi ìwọ̀n irun yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú ìyàwó tí ó wà lórí káàdì yóò di méjì. Ìdí nìyí tí atẹ̀wé fi ń tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ bí aránṣọ.

Díẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tí ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹnìkan ń tò ó sórí kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn ń ṣe pléètì, ẹlòmíràn ń tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn ń pa á pọ̀, ó ń dì í, ó ń gé etí rẹ̀. Láàárín wọn ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi orí àti ọmọlanke gbé bébà láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè fi ọ̀bẹ ìgébébà jẹun. Ẹni tí kò ní ọ̀bẹ lè fi ọwọ́ ìpawépọ̀ jẹun. Àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ a máa ṣe àáró kí oko ẹnìkan má baà kún pa á. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ń ṣe irú rẹ̀ ní àárín ìlú.

Kí ni wọ́n ń tẹ̀? Ìwé ìpolongo ìbò ni, káàdì ìgbéyàwó ni, kàléńdà ìjọ ni, rìsíìtì alátà ni, ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ṣeé ṣe kí ìwé kan nínú àpò ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Àkúrẹ́ tàbí ní Ìlọrin ti Ṣómólú wá. Wọ́n sì tún ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, a máa ń kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé: ibi tí wọ́n ti bí i, ọdún tí ó dé Èkó, iṣẹ́ tí ó kọ́, ilé tí ó kọ́, ìjọ tàbí mọ́sálásí tí ó ń lọ, àwọn ọmọ tí ó fi sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìtàn báyìí ni ẹ̀rọ Ṣómólú ti tẹ̀ fún ènìyàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ọmọ Ṣómólú tó wọ ilé ìtàwé kí ó sì bá ìwé ìtàn ìlú tirẹ̀ lórí àtẹ. Ìlú tí ń bá gbogbo ayé tẹ ìtàn kò tíì jókòó ti ìtàn ara rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dunni nìyí, ibẹ̀ sì ni ìtìjú àwọn ọ̀dọ́ ti ṣú yọ. Ohun tí a kò bá mọ̀, a kò lè fi yangàn.

Ẹlòmíràn lè wí pé ìlú àná ni Ṣómólú, kí ìlú àtijọ́ máa kọ ìtàn. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò rántí pé ibùdó ogun ni Ìbàdàn nígbà tí àwọn jagunjagun dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, àti pé ìsásí ni Abẹ́òkúta nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá wọ abẹ́ àpáta ní ọdún 1830. Kò sí ìlú ńlá kan tí kò tíì jẹ́ àgó rí. Ìgbà tí àwọn tí ó rí ìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà láàyè ni ó dára jù láti kọ ìtàn. Samuel Johnson, pásítọ̀ Ọ̀yọ́, mọ èyí. Ó gba ìtàn Yorùbá lẹ́nu àwọn àgbà, ó sì parí ìwé rẹ̀ ní ọdún 1897. Ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ náà sọnù ní ìlú òyìnbó, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní ọdún 1901. Bí kì í bá ṣe pé Obadiah, àbúrò rẹ̀, jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù tí ó sì tún un kọ títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921, púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ lónìí ì bá ti bá àwọn àgbà wọ ilẹ̀.

Ẹlòmíràn lè tún béèrè pé, ǹjẹ́ ìwé ìtàn lè gbá gọ́tà, tàbí kí ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ jàǹdùkú? Kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ni í gbá iwájú ilé tí ó ń sẹ́ pé kì í ṣe tòun? Ẹni tí ó ń wí pé Gbàgádà ni òun ń gbé kò ní wá sí ìpàdé àwọn ará Bàrígà. Bí ó bá sì di ọlọ́rọ̀, yóò kó lọ láìwo ẹ̀yìn. Àwọn tí kò sẹ́ ilé ni wọ́n ń tún un ṣe. Segun Adefila, tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèré Crown Troupe of Africa sílẹ̀ ní ọdún 1996, fi Bàrígà ṣe ibùdó, ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ní ijó àti eré orí ìtàgé. Olamide, akọrin tí ó dàgbà ní Bàrígà, kò fi orúkọ àdúgbò náà pamọ́ nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, èdè Yorùbá ni ó sì fi ń kọrin. Ènìyàn lè fẹ́ràn orin rẹ̀, ó sì lè má fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi júwe ilé.

Iṣẹ́ tí ó kù kò ju agbára ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Àgbàlagbà wà ní gbogbo òpópónà. Kí ọmọ kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn, kí ó sì béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Bàbá, ọdún wo ni ẹ dé àdúgbò yìí? Ìyá, kí ni ó wà ní ibi tí títì yìí gbà kí wọ́n tó là á? Ta ni ó ni ilẹ̀ náà? Odò wo ni ẹ ti ń pọnmi?" Kí ó kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó gbọ́ ọ. Bí ìdáhùn méjì bá takora, kí ó kọ méjèèjì. Ìwé ètò ìsìnkú tí àwọn ènìyàn ń fi ṣe abẹ̀bẹ̀ níbi òkú tí wọ́n sì ń sọ nù lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó máa kó o pamọ́, nítorí ojú ìwé kan nínú ìtàn ìlú ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí kíláàsì kan bá fi ọdún kan ṣe èyí, wọn yóò ní ìwé kan lọ́wọ́, wọn kò sì ní rìn jìnnà kí wọ́n tó rí ẹni tí yóò bá wọn tẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ìtàn ọ̀pọ̀ àgbà Ṣómólú àti Bàrígà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń kọ ọ́, ìyẹn ní ọjọ́ tí ẹni tí ó ni ín kò lè dáhùn ìbéèrè mọ́. Kí àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ béèrè nísinsìnyí tí ìdáhùn ṣì wà.